Kí Ará Ilé-Ogbó Tó Balẹ̀ sí Róòmù

Ohun tó ń dójú ti àlejò ní Ítálì kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Físà wà nínú pásípọ́ọ̀tù, owó wà lápò, aṣọ òtútù wà lọ́rùn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ó wọlé, ó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò pẹ́, òṣìṣẹ́ kan dé, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì náà wò, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí àlejò san owó ìtanràn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò ki tíkẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdókọ̀ kí ó tó wọlé, kí ẹ̀rọ náà lè tẹ ọjọ́ àti aago sí i lára. Lórí àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń ná ìlú kéékèèké, tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé tí kò bá ní òǹtẹ̀ yẹn dà bí èyí tí wọn kò tíì lò, ẹni tó mú un dání sì di ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fúnni nílé.

Kì í ṣe pé ìrìn àjò jẹ́ tuntun sí àwọn ará agbègbè Ìwó, níbi tí Ilé-Ogbó wà. Kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Gánà ní 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti sọ Kumasi àti Tamale di ilé, tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ẹjìgbò, tí kò jìnnà sí Ìwó, so mọ́ Abidjan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ìlú náà fi ń sọ èdè Faransé láàárín ara wọn. Ẹni tó bá ń lọ sí Abidjan nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ni yóò wọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n yẹn ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí onílé, bí wọ́n ṣe ń náwó ibẹ̀, àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ítálì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lé ní 100,000, ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹdó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó gbéra láti Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lè lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Róòmù kí ó má gbọ́ Yorùbá létí títí tí yóò fi padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó ti mọ díẹ̀ nínú ìṣe onílé kó tó kúrò nílé.

Àwọn ògiri Róòmù ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ṣùgbọ́n Ítálì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè kan kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1861 ni wọ́n kéde ìjọba Ítálì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àlùfáà kan láti ẹ̀bá Genoa, Francesco Borghero, gúnlẹ̀ sí Ouidah láti dá iṣẹ́ ìjọ Àgùdà sílẹ̀ ní Dahomey. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún náà, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó fi Èkó sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Borghero dé Èkó ní 1863, ó sì bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé níbẹ̀, tí wọ́n ti ń dá gbàdúrà láìní àlùfáà. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Ítálì ló kọ́ ìdídò Kainji láàárín 1964 sí 1968, ìdídò tó ti ń pèsè iná mànàmáná fún Nàìjíríà láti ìgbà náà.

Pípẹ́ tí àwọn ará Ítálì pẹ́ kí wọ́n tó di ọ̀kan ṣì hàn lára wọn títí dòní. Ẹkùn 20 ló wà ní Ítálì, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ń fi ti ẹkùn rẹ̀ ṣe fọ́ńté. Ará Naples kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ará Milan. Oúnjẹ wọn yàtọ̀, ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àwàdà pàápàá yàtọ̀. Yorùbá tó mọ bí Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́ kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Àlejò tó bá béèrè lọ́wọ́ ará ìlú kan pé oúnjẹ wo ni wọ́n mọ̀ mọ́ wọn ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́ ìlú náà.

Ìwé ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ítálì ní ilé iṣẹ́ aṣojú ní Àbújá, ó sì ní òmíràn ní Èkó, èyí tó súnmọ́ àwọn ará Ọ̀ṣun jù. Físà àbẹ̀wò ráńpẹ́ ń fúnni láàyè títí di 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́, kì í sì í ṣe Ítálì nìkan ló wà fún, gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Schengen ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Ọmọ tó ti pé mẹ́fà tí kò tíì pé méjìlá ń san 45, ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà kì í san nǹkan kan. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó yẹn kì í padà. Pásípọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán kó tó parí lẹ́yìn ọjọ́ tí àlejò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ wà tó lè san tó Yúrò 30,000 bí àìsàn bá dé. Wọ́n kì í gba fọ́ọ̀mù nígbà tó bá ṣì ku ju oṣù mẹ́fà lọ sí ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì yẹ kó ku ọjọ́ tó dín sí 15 kí ẹnì kan tó lọ fi sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yá owó lọ́wọ́ ẹbí láti fi kún àpò báńkì wọn lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ gba físà. Kò dára. Àkọsílẹ̀ báńkì ti oṣù mélòó kan ni wọ́n ń wò, owó ńlá tó já wọlé lójijì sì máa ń fa ìbéèrè. Ó sàn kí oníṣòwò gaàrí tàbí olùkọ́ fi ìwé òtítọ́ hàn nípa iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ó sì fi hàn pé ohun tí òun yóò padà sí wà nílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fò nínú àpilẹ̀kọ nípa Ítálì tí a kọ fún ará Nàìjíríà. Àwọn kan ṣì ń lọ sí àárín àwọn ọ̀dọ́ láti sọ fún wọn pé ọ̀nà aṣálẹ̀ Líbíà ló yá jù, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé iṣẹ́ ilé ìgẹrun ń dúró dè wọ́n. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tó ti Líbíà gbéra rì sẹ́bàá erékùṣù Lampedusa, ènìyàn tó lé ní 360 sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ti rì láti ìgbà náà. Àjọ NAPTIP, tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2003, ló ń gbógun ti àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò. Òbí tí ẹnì kan bá wá bá pé òun yóò mú ọmọ rẹ̀ dé Ítálì láìní físà, ọ̀dọ̀ wọn ni kó gba lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yá a lówó ọkọ̀.

Ẹni tó bá fi físà wọlé kò ní ohun tó ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ ibi tó sùn. Gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ló gbọ́dọ̀ gba pásípọ́ọ̀tù àlejò, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Kí àlejò má bínú sí wọn. Tó bá jẹ́ ilé àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ló wọ̀ sí, onílé gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọlọ́pàá láàárín wákàtí 48 pé òun gba àjèjì sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń gbé níbẹ̀ ni kì í ka èyí sí. Ìyá tó wá kí ọmọ rẹ̀ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí. Owó orí àlejò náà wà, tí òtẹ́ẹ̀lì máa ń gbà lọ́tọ̀ fún ìlú: ní Róòmù, ó lè tó Yúrò 10 fún ẹnì kan lálẹ́ kan ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ga jù. Àlejò tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni.

Níbi ìkíni, ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ilé-Ogbó ti ṣíwájú ọ̀pọ̀ àlejò tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Èdè Ítálì ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń pe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, bí Yorùbá ṣe ní “o” àti “ẹ”. Tu ni ti ọmọdé, ọ̀rẹ́ àti ará ilé. Lei ni ti àgbà, ti ọlọ́pàá, ti dókítà, ti ẹni tó ń tajà àti ti ẹnikẹ́ni tí wọn kò mọ̀ rí. Ciao tí gbogbo ayé mọ̀, ti ọ̀rẹ́ ni. Kí ọ̀dọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí ó sọ ciao sí màmá arúgbó tó jókòó sídìí owó, àṣìṣe ni. Buongiorno ni kó sọ láti àárọ̀, kó di buonasera tí ọjọ́ bá ń rọlẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye ọjà. Ẹni tó fẹ́ wọ ilé onílé yóò sọ permesso lẹ́nu ọ̀nà bí àwa ṣe ń ké àgò, á sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn kó tó wọlé. Wọ́n fẹ́ràn oyè náà. Dottore ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ti jáde yunifásítì, ingegnere ni ẹnjiníà, wọ́n sì máa ń fi oyè náà síwájú orúkọ.

Àwọn ojúlùmọ̀ máa ń fẹnu ko ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin. Ìyá Alhájà tí kò fẹ́ èyí lè gbé ọwọ́ lé àyà, kó rẹ́rìn-ín, kó sì tẹrí ba díẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Oúnjẹ ló máa ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní bar ní Ítálì kì í ṣe ilé ọtí bí a ṣe mọ̀ ọ́n níbí. Ibi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ilé ìwé ti ń mu kọfí láàárọ̀ ni, kí wọ́n tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìdúró ni wọ́n ń mu ún, ní ẹnu káńtà, ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í pé tí wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, pàápàá níbi tí èrò pọ̀ sí, ẹni tó fẹ́ mu kọfí yóò kọ́kọ́ sanwó níbi àpótí owó, yóò gba rìsíìtì, yóò wá fi í han ẹni tó ń po kọfí. Kọfí kékeré lẹ́nu káńtà kì í ju Yúrò kan àti sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ. Kọfí kan náà, tí àlejò bá jókòó sórí àga níta tí wọ́n wá gbé e fún un, lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ní Gbàgede Máàkù Mímọ́ ní Venice ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kì í ṣe jìbìtì. Iye méjèèjì wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí òfin ní kí wọ́n lẹ̀. Cappuccino tó ní wàrà jẹ́ ti àárọ̀; ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán á rí i gbà, wọ́n á kàn wò ó tìyanu-tìyanu ni.

Oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀, ó sì parí ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀. Oúnjẹ alẹ́ kì í yá ju aago méje ààbọ̀ lọ, ní gúúsù ó tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Láàárín méjèèjì, ilé ìdáná ti pa. Àlejò tí ebi bá pa ní aago mẹ́rin, kí ó wá ibi tí wọ́n ti ń gé píṣà tà ní ìwọ̀n, tàbí kí ó ra búrẹ́dì. Ní àwọn ìlú kéékèèké, ṣọ́ọ̀bù náà máa ń tilẹ̀kùn láti aago kan títí di mẹ́rin. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ àjọ̀dún Ferragosto, ìlú ńlá pàápàá máa ń dákẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ti gba etí òkun lọ.

Nínú ìwé owó oúnjẹ, àlejò yóò rí Yúrò kan sí mẹ́ta tí wọ́n kọ coperto sí níwájú. Owó ìjókòó ni, tí wọ́n fi ń ka búrẹ́dì àti aṣọ tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò retí pé kí ẹni tó jẹun tún fún agbóúnjẹ lówó lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní kọ sẹ́ǹtì díẹ̀ tó bá fi sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu jákèjádò ìlú. Ní Róòmù, àwọn ẹ̀rọ omi onírin tí wọ́n ń pè ní nasoni wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n tó bí 2,500, láti 1874 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ́n mọ́lẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni omi tútù ń sun lára wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń ra omi inú ike kiri Róòmù ń fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Fún Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gba àkíyèsí gidi, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní agbègbè Ìwó, ìlú tí Ọba Mọ́mọ̀dù Lámúyè, ọ̀kan nínú àwọn ọba Yorùbá àkọ́kọ́ tó gba Ìsìláàmù, ti jọba. Ní Ítálì, ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú oúnjẹ láìjẹ́ pé ojú rí i. Prosciutto, salame, pancetta, speck, mortadella, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn. Pasta tí wọ́n ń pè ní carbonara àti amatriciana, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní guanciale ni wọ́n fi ń sè é. Strutto ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó sì lè wà nínú búrẹ́dì àti ìpápánu dídín. Ọtí náà máa ń wọnú àwọn nǹkan dídùn: tiramisù lè ní ọtí marsala nínú, babà ti Naples sì rèé, inú ọtí rum ni wọ́n ti ń rì í. Kí Mùsùlùmí sọ senza maiale, senza alcol, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ọtí, wọ́n á sì sọ òtítọ́ fún un.

Ohun tó ṣeé jẹ ṣì pọ̀. Pasta all'arrabbiata jẹ́ tòmátò, aáyù àti ata tó ta, ẹnu Yorùbá sì máa ń mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Píṣà margherita kò ní ju tòmátò, wàràkàṣì àti ewé basil lọ. Ní Naples, níbi tí píṣà ti wá, UNESCO ti fi iṣẹ́ àwọn tó ń yan án sínú àkójọ àṣà ìran ènìyàn ní 2017. Ẹja inú òkun pọ̀ ní gbogbo etíkun. Àwọn ilé ìdáná Ítálì mọyì tòmátò tó bẹ́ẹ̀ tí agolo De Rica wọn fi dé ọ̀dọ̀ wa, títí ó fi di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn ìyá ọjà ń pè ní dẹ́ríkà. Nígbà tí oúnjẹ ilé bá ń sọ síni lọ́kàn, kí àlejò gba ọjà Esquilino lọ, lẹ́bàá ibùdókọ̀ Termini ní Róòmù, níbi tí àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà ti ń tà á, tàbí ọjà Porta Palazzo ní Turin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà gbangba tó tóbi jù ní Yúróòpù.

Ọjà wọn náà ní ìlànà. Nílé, ẹni tó fẹ́ ra tòmátò á tẹ̀ ẹ́ wò, á yan èyí tó le, á da èyí tó rọ̀ padà. Níbẹ̀, òǹtajà ló ń ṣà á fún oníbàárà; kí oníbàárà nawọ́ sí èso láìgbàṣẹ jẹ́ àrífín. Nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, ó lè mú un fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi síbẹ̀, kí ó gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ó sì lẹ ìwé iye rẹ̀ mọ́ ọn kó tó dé ibi ìsanwó. Ìdúnàádúrà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjà àlòkù bíi Porta Portese, tí wọ́n ń ná ní Róòmù lọ́jọ́ Ìsinmi, ni èèyàn ti lè dúnàádúrà. Àpò àti bàtà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá, ayédèrú ni, òfin Ítálì sì lè bu owó ìtanràn tó tó Yúrò 7,000 lé ẹni tó rà á, kì í ṣe ẹni tó tà á nìkan.

Mọ́sálásí ńlá Róòmù wà ní apá àríwá ìlú. Paolo Portoghesi wà lára àwọn tó yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1995. Ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ni wọ́n ti ń kírun Jímọ̀, kò sí ilé gogoro tí yóò júwe ibẹ̀, nítorí náà kí àlejò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran halal. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó lọ́lá jù, Basilica Pétérù Mímọ́, kò sí ní Ítálì rárá ní ti òfin. Ìlú Vatican ni ó wà, tó dá dúró láti 1929, tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò sì pé ìdajì kìlómítà níbùú lóròó. Ẹni tí èjìká rẹ̀ tàbí orúnkún rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa dá a padà. Ìró àti bùbá kò ní ìṣòro níbẹ̀.

Kò sí kọ̀ńdọ́ nínú bọ́ọ̀sì wọn. Ṣọ́ọ̀bù tó gbé àmì T síta, níbi tí wọ́n ti ń ta sìgá, ni wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ní Róòmù, Yúrò kan ààbọ̀ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún 100 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú nínú ọkọ̀. Ẹni tó ní káàdì báńkì tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè lè fi kan ẹ̀rọ náà dípò tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n káàdì kan fún ẹnì kan ni, tọkọtaya kò lè lo ẹyọ kan. Ìtanràn fún ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lé ní Yúrò 50. Láti pápákọ̀ òfurufú Fiumicino, ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express ń lọ tààrà sí Termini, ó ń gbà tó bíi ìdajì wákàtí. Takisí tó ní àṣẹ funfun ni, ìlú sì ti fi iye kan lélẹ̀ fún láti pápákọ̀ dé àárín Róòmù. Ọkùnrin tó bá wá ń sọ “takisí, takisí” sí àlejò létí nínú pápákọ̀, kí àlejò kọjá lára rẹ̀. Láti Róòmù dé Milan, ọkọ̀ ojú irin ayára bí àṣá ń gba bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá tètè ra ìwé rẹ̀ lè rí i ní ìdajì iye tí ẹni tó rà á lọ́jọ́ náà yóò san.

Àwọn olè ajáwọ́lápò wà ní Termini àti nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Kí pásípọ́ọ̀tù wà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ so okùn mọ́ àlejò lọ́wọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, yóò béèrè owó rẹ̀ láìpẹ́. Nọ́ńbà 112 ni gbogbo ìpè pàjáwìrì. Ihò iná ògiri ní Ítálì kò gba orí iná onígun mẹ́ta tí a ń lò ní Nàìjíríà, nítorí náà kí àlejò ra aṣàtúnṣe rẹ̀ ní Èkó, níbi tí kò ti wọ́n púpọ̀.

Colosseum, gbọ̀ngàn eré àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní ọdún 80, ń béèrè pé kí orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ní orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n sì máa ń kọ èyí tó wù wọ́n sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kí wọ́n kọ. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, èrò a sì pọ̀. Jíjókòó sórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń pè ní Àtẹ̀gùn Sípéènì ní Róòmù ti di ohun tí wọ́n ń tanràn fún láti 2019. Ní Venice, àlejò ojúmọ́ kan ń san owó ìwọlé láwọn ọjọ́ kan, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Ọmọ Yorùbá ti gba orúkọ rere ní Ítálì, ẹni tó bá ń bá awakọ̀ takisí sọ̀rọ̀ kò sì ní pẹ́ gbọ́ ọ. Agbábọ́ọ̀lù Obafemi Martins, ọmọ Èkó, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tó dé ibẹ̀, Inter Milan ló sì ti di gbajúmọ̀ kó tó lọ sí Newcastle ní 2006. Ayomide Folorunso, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1996, dàgbà sí agbègbè Parma, ó sì ti sá eré ìje onífífo ìdènà fún Ítálì ní Òlíńpíìkì. Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti agbábọ́ọ̀lù Ademola Lookman. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sáwọ̀n Bayer Leverkusen, ẹgbẹ́ tí kò tíì sẹ́ni tó borí rẹ̀ nínú eré 51 títẹ̀léra, Atalanta sì gba ife Yúróòpù àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn, ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Bergamo, ìlú Atalanta, kò ju wákàtí kan lọ sí Milan nínú ọkọ̀ ojú irin. Àlejò tó bá sọ níbẹ̀ pé orílẹ̀-èdè òun ni Lookman ń gbá bọ́ọ̀lù fún á rí bí ojú àwọn ènìyàn ṣe ń tàn.

Ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, ẹni tó ra ọjà tó ju Yúrò 70 lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ́ẹ̀kan lè gba díẹ̀ padà lára owó orí tó san. Láti 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 70. Ṣáájú ìgbà náà ó lé ní 150. Kí ó fi pásípọ́ọ̀tù hàn nígbà tó ń ra ọjà náà, kí ó sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ òǹtajà. Ní pápákọ̀, àwọn aṣọ́bodè lè ní àwọn fẹ́ rí ọjà náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tó gbé àpótí rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú. Ìlà máa ń gùn níbẹ̀, pàápàá láàárọ̀, wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí bàálù tó gbéra kò sì tíì yá jù.